Ṣẹkẹṣẹkẹ Tó Yadi

Òwú náà kò gé.

Mọ̀dínátù tún ọ̀bẹ mú, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ òwú àwọ̀n tí ó so nọ́ńbà mọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ kékeré náà, ó fà á sókè. Òwú tòkè já, ó bọ́ sílẹ̀ bí ó ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta ni, bíi tòkè. Ó ní kókó bíi tòkè, kókó tí àwọn apẹja Àjídò ń ta, tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ, ọ̀bẹ ń han. Ó fi èékánná họ ọ́. Irin ni.

Ó gbé nǹkan náà sórí itan, ó ń wò ó. Òtútù mú un láti ẹ̀yìn ọrùn lọ sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó ti ń tọ́jú Ilé Ìrántí Ẹ̀bá-Ọ̀sà ní Àgbádárìgì. Irin mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn láti ìgbà òwò ẹrú. Àwọn ìdílé Àjídò, Ìkógà àti ti inú ìlú ló kó wọn kalẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú òwú nọ́ńbà ara irin kankan àfi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọ̀sẹ̀ Ìwẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ìdílé ń bọ̀ wá fi ọwọ́ ara wọn fọ irin náà. Ìwẹ̀ ọdún yìí di Sátidé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òní.

Nọ́ńbà kọkànlá ló kéré jù nínú wọn. Ẹsẹ̀ ọmọdé ni wọ́n rọ ọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé e díẹ̀díẹ̀, bí omi tí ń jò wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kìíní, nígbà tí Ẹnjiníà Oyèlékè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ẹ̀rọ tí ń yí nǹkan ká tí ó sì ń ya iwájú, ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tú òwú náà kí àwòrán lè mọ́. Mọ̀dínátù kọ̀. "Ẹ yà á tòwú-tòwú," ni ó wí. Ẹ̀rọ kò mọ òwú yàtọ̀ sí irin. Ẹni tó rọ eléyìí kò fojú kan tòótọ́ rí. Àwòrán ló rí, ó sì rọ gbogbo ohun tó rí. Ẹlòmíràn ló wá fi òwú gidi bo òwú irin mọ́lẹ̀, tí ó gbé e sí àyè rẹ̀, tí ó sì gbé tòótọ́ lọ.

Kí aago tó lu mẹ́wàá, ó ti yẹ gbogbo wọn wò. Mẹ́ta ni ayédèrú: ṣẹkẹṣẹkẹ ọmọdé, àgádágodo tí wọ́n fi ń ti ẹnu ẹrú, àti irin tí wọ́n fi ń jó àmì sí wọn láyà.

Ohun tó dùn ún jù ni pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọkùnrin náà. Kí Oyèlékè tó dé, ẹnu ni Mọ̀dínátù fi ń sọ ìtàn irin wọ̀nyí títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ. Bí ogójì ọmọ ilé-ìwé bá dé lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ nǹkan kan. Láti oṣù kejì ni áàpù tí Oyèlékè ṣe ti wà. Bọ́tìnì kékeré kan, tí kò tóbi ju bọ́tìnì kóòtù lọ, wà lábẹ́ irin kọ̀ọ̀kan. Bí àlejò bá gbé fóònù rẹ̀ súnmọ́ ọn, fóònù á bẹ̀rẹ̀ ìtàn irin náà fúnra rẹ̀, kò dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èdè Gùn wà níbẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì náà. Adití ń kà á. Arúgbó tí kò lè dúró pẹ́ á jókòó, á máa gbọ́ ọ létí. Àwọn tí kò lè wá láti Ìkógà ń wo irin tí ń yí lójú fóònù lórí ibùsùn wọn. Ohùn Mọ̀dínátù ni ohùn Yorùbá àti ti Gùn. Ó ti gbọ́ tí ọkùnrin ńlá kan sunkún níwájú nọ́ńbà kọkànlá nítorí ohùn náà.

Ó nu ojú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ bá Bàbá Akíndé, alága ìgbìmọ̀ àwọn ìdílé.

*

Bàbá Akíndé kò pariwo. Ó gba ayédèrú náà, ó fọwọ́ pa á, ó pe ọlọ́pàá, ó sì pe Oyèlékè. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, Ìnsípẹ́kítọ̀ Sùlàímọ́nù ti jókòó sí ọ́fíìsì ilé ìrántí, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Oyèlékè dúró lẹ́bàá ògiri nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí a lọ̀ dáadáa. Ó rí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà?" Sùlàímọ́nù bi Mọ̀dínátù.

"Èmi ni, sà."

"Ta tún ni?"

"Kò sí ẹlòmíràn."

"Ta ló rí i pé ayédèrú ni?"

"Èmi ni."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí mo gé òwú, láàárọ̀ yìí."

"Ìyá, mo ti rí irú èyí. Olè á jí i, á tún sáré wá fẹjọ́ sùn."

"Sà, ẹ bi Ẹnjiníà. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n tún gbé ẹ̀rọ wọn wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún bọ́tìnì ṣe. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́rí."

Oyèlékè mí kanlẹ̀. "Òótọ́ ni Màmá sọ. Mo wà níbẹ̀. Bàbá Akíndé náà wà ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí mò ń jáde. Wọ́n yẹ àpò mi wò. Àbí, Bàbá?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò," Akíndé wí. "Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Ẹ ti gbọ́," Sùlàímọ́nù wí. Ó dìde. "Bí ó bá jẹ́ tèmi, inú àgọ́ ni ẹ ò bá sùn lónìí. Bàbá Akíndé ló bẹ̀bẹ̀ nítorí ọdún mọ́kàndínlógún. Mo fún yín di ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin. Bí irin mẹ́ta náà bá ti fara hàn nígbà náà, a jẹ́ pé ó ti parí. Bí kò bá yọjú, mo máa tì yín mọ́lé, ilé-ẹjọ́ ló sì kàn. Ọlọ́pàá kan á máa jókòó sí géètì. Ẹ má fi Àgbádárìgì sílẹ̀."

Mọ̀dínátù yíjú sí Akíndé. "Bàbá, ṣé ẹ gbà pé èmi ni?"

Bàbá Akíndé wo ilẹ̀. "Mo máa sọ fún àwọn ìdílé pé à ń wádìí rẹ lọ́wọ́. Mi ò lè fi pamọ́ fún wọn. Má wọ yàrá yẹn mọ́."

Lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù ti jáde, Oyèlékè bá a rìn díẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bí ẹni tí ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohùn yín ti wà nínú áàpù. Bí ẹ bá wà lẹ́wọ̀n, àlejò á ṣì máa gbọ́ yín. Ìkankan wọn ò ní mọ̀ pé ẹ ò sí níbí mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì lọ.

*

Títí ilẹ̀ Ọjọ́rú fi ṣú, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Abẹ́ igi fúrúǹtù ló jókòó sí, ó kọjú sí ọ̀sà. Obìnrin ẹlẹ́ja tó máa ń tajà fún un gba ẹ̀yìn ògiri kọjá. Kò yà. Àwọn àlejò wọlé, wọ́n jáde, ó sì ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ń kí wọn káàbọ̀ láti inú yàrá tí wọ́n lé e jáde níbẹ̀. Ọlọ́pàá géètì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rótìmí, ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wò ó.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí ó má baà máa ronú nípa ilé túbú, ó ṣí áàpù lórí fóònù rẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni àlejò ti ń kọ ohun tí wọ́n rí. Ẹni ogójì ọdún ni kí ó tó mọ ìwé kà, nítorí náà ó ń kà á jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹni kan dúpẹ́. Ẹni kan ní ìtàn náà gùn jù. Láti oṣù karùn-ún wá, ẹni márùn-ún, mẹ́fà, kọ ohun kan náà: nọ́ńbà kọkànlá kò sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà kọkànlá yadi.

Ó dúró lórí ìyẹn. Bọ́tìnì yòókù ń ṣiṣẹ́, bí irin tó wà lókè wọn tilẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Kí ló dé tí ti kọkànlá fi dákẹ́?

Ó wá rántí. Ní oṣù kẹta, bọ́tìnì kọkànlá àti kejìlá súnmọ́ra jù, fóònù àwọn àlejò ń da ìtàn méjèèjì pọ̀. Mọ̀dínátù yọ bọ́tìnì kọkànlá kúrò lábẹ́ pèpéle, ó tì í sínú ihò tó wà ní ìdí ọ̀pá ṣẹkẹṣẹkẹ náà, ó fi ìda oyin dí i. Àwọ̀ ìda náà rí bí ìpẹtà. Kò sọ fún Oyèlékè, nítorí ọkùnrin náà ti kìlọ̀ fún un rí pé kí ó má fọwọ́ kan iṣẹ́ òun. Ẹni tó gbé ṣẹkẹṣẹkẹ tòótọ́ lọ gbé bọ́tìnì lọ pẹ̀lú rẹ̀, kò sì mọ̀.

A jẹ́ pé kò yadi. Ó ń sọ̀rọ̀ níbòmíràn.

Ó yí ojú fóònù sókè, síbi ọ̀rọ̀ tuntun. Àárọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kọ ọ́: "Áàpù yín dára, mo fi kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá ní oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé mi ní Ọ̀tọ̀, ó ń sọ ìtàn ṣẹkẹṣẹkẹ ọmọdé fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìtùnúolúwa."

Mọ̀dínátù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe Sùlàímọ́nù.

"Ìyá, fóònù ń sọ̀rọ̀ ní Ọ̀tọ̀?" Sùlàímọ́nù wí. "Fóònù ń sọ̀rọ̀ níbi gbogbo."

"Sà, ẹ wá kà á fúnra yín."

"Ẹ kà á fún mi."

Ó tún wo ojú fóònù. Ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó fà á sókè, ó fà á sísàlẹ̀. Wọ́n ti pa á rẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo, Oyèlékè, ló sì ní agbára láti pa ọ̀rọ̀ àlejò rẹ́.

"Ìyá?"

"Ó ti mọ̀," Mọ̀dínátù wí. "Sà, ó ti mọ̀."

Sùlàímọ́nù gbé fóònù sílẹ̀.

*

Ìwé àlejò wà lórí tábìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ṣí i sí oṣù kẹrin. Ìtùnúolúwa, olùkọ́, Ọ̀tọ̀, àti nọ́ńbà fóònù. Ó pè é. Obìnrin kan gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ ǹlẹ́ o, tíṣà. Èmi ni olùtọ́jú Ilé Ìrántí Ẹ̀bá-Ọ̀sà."

Obìnrin náà pariwo. "Ẹ̀yin nìyẹn! Ohùn yín nìyẹn! Màmá, ẹ̀yin lẹ ti ń dẹ́rù bà mí láti oṣù tó kọjá!"

"Ẹ máà bínú. Ta ló ń gbé lẹ́yìnkùlé yín?"

"Ẹnikẹ́ni ò gbébẹ̀. Ẹnjiníà kan ló háyà yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀rọ ló kó síbẹ̀. Ó tilẹ̀ wà níta báyìí. Ó ń di àpò àgbọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù."

"Àgbọn?"

"Àgbọn, Màmá. Ó ti tó ogún àpò. Èmi náà ń ṣe kàyéfì."

"Ẹ kúrò lójú fèrèsé."

"Kí ló dé?"

"Tíṣà, ẹ kúrò lójú fèrèsé."

Ó ti pẹ́ jù. Mọ̀dínátù gbọ́ ìró bàtà lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì. Ó wá gbọ́ ohùn rírọlẹ̀ kan tí ó mọ̀ dunjú, tí ń gba ojú fèrèsé wọlé sínú fóònù obìnrin náà.

"Tíṣà, ṣé ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ sórí áàpù mi?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Àǹtí mi ni."

"Kí àǹtí ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ ilé-ìwé tó o ti ń kọ́ni. Mo mọ ọ̀nà tó ò ń gbà lọ. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fóònù yìí parí síbí."

Ìró bàtà padà. Fèrèsé pa dé gbàgà. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ han, ó sì lọ.

"Màmá, ó ti lọ. Mo gbọ́ tí awakọ̀ ń sọ Gùn. Àjídò ni wọ́n dárúkọ." Ilẹ̀kùn dún. "Mo ti wọ yàrá náà. Ó ti kó gbogbo ẹ̀rọ. Àwọn nǹkan bíi bọ́tìnì kún ilẹ̀, ó ti yọ bátìrì wọn."

Mọ̀dínátù mi orí. Oyèlékè rò pé ọ̀kan nínú bọ́tìnì tó kù lọ́wọ́ òun ló ń sọ̀rọ̀. Ó rò pé òun ti pa á lẹ́nu mọ́.

"Tíṣà, ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ó ń bà mí gan-an."

"Ó ń ba èmi náà. Ẹ ti ilẹ̀kùn yín. Kí ẹ wá tún kọ ọ̀rọ̀ sórí áàpù náà. Ẹ kọ pé ó ń kó irin wa lọ sí Àjídò. Bí ó bá pa á rẹ́, ẹ tún kọ ọ́."

Láti Àjídò, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì lè gba inú ọ̀sà dé Àjàṣẹ́ lódìkejì ibodè kí oòrùn tó wọ̀. Bí irin náà bá kọjá ibodè, ó tán. Aago mẹ́rin ọ̀la yóò lu, wọn yóò sì tì í mọ́lé.

Ó jáde sí géètì, ó na ọwọ́ sí ọ̀kadà kan. Rótìmí fò dìde, ẹ̀pà dà sílẹ̀.

"Ìyá, níbo?"

"Àjídò."

"Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ rìn jìnnà!"

"Bí o bá rò pé mò ń sá, gun ọ̀kadà yìí pẹ̀lú mi, kí o wá di aṣọ mi mú."

Rótìmí wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó sì gun ún. Òun ló jókòó sẹ́yìn. Lójú ọ̀nà ni ó ti fi ọwọ́ kan di ọ̀kadà mú, tí ó fi èkejì pe ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá, afurasí ń lọ sí Àjídò. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo tẹ̀ lé e. Rárá, sà, iwájú mi ló wà, a jọ jókòó ni."

*

Èéfín ẹja bo etí omi Àjídò. Mọ̀dínátù àti Rótìmí kọ́kọ́ dé. Wọ́n dúró lẹ́yìn ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja, ojú ń ta wọ́n. Ó ju wákàtí kan lọ kí ọkọ̀ akẹ́rù náà tó dé. Aláàárù méjì ń ru àpò àgbọn wọ inú ọkọ̀ ojú omi gígùn kan. Oyèlékè dúró lókè, lábẹ́ igi àgbọn kan tó jìnnà sí wọn, ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Mọ̀dínátù mọ ohun tó ń ṣe: ó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ìtùnúolúwa kò dákẹ́.

Àpò ìkẹyìn ti wọlé nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá ya wọ etí omi. Sùlàímọ́nù bọ́ sílẹ̀, inú ń bí i.

"Ẹnjiníà, kí lẹ̀ ń kó?"

Oyèlékè fi fóònù sínú àpò àyà rẹ̀. "Àgbọn ni, sà. Ṣé àgbọn ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Níbo ló ń lọ?"

"Àjàṣẹ́. Wọ́n ń rà á níbẹ̀."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń ta àgbọn?"

"Láti ìgbà tí áàpù kò ti bọ́ mi yó." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé Màmá ló kó yín wá? Sà, àánú wọn ń ṣe mí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n tú àpò kan. Àgbọn. Wọ́n tú ìkejì, ìkẹta. Àgbọn ń yí gbirigbiri nínú ọkọ̀. Sẹ̀wánù, ọlọ́kọ̀ náà, gbé ọwọ́ lé orí.

"Éò! Ẹ̀yin ọlọ́pàá, atẹ́gùn ń dìde. Ṣé kí omi gbé mi ni?"

Sùlàímọ́nù nu òógùn. Ó wo Mọ̀dínátù, ojú rẹ̀ le. "Ìyá, ẹ ti dójú tì mí. Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ wa. A ò tún dúró de Ẹtì mọ́."

Rótìmí di apá rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò fà á.

"Sà, ìṣẹ́jú márùn-ún," Mọ̀dínátù wí.

"Fún kí ni?"

Mọ̀dínátù ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú omi dé orúnkún, ó gun ọkọ̀ náà. Ó ṣí áàpù. Ó na fóònù síwájú bí ẹni tí ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn, ó ń tẹ àárín àpò kọjá láti iwájú lọ sẹ́yìn. Àpò kan. Àpò méjì. Fóònù dákẹ́. Atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ mọ́ ọn lára.

Oyèlékè ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí i pé áàpù òun ló wà lójú fóònù náà. Ẹ̀rín bọ́ lójú rẹ̀. Ó sáré wọ omi, ó fò sínú ọkọ̀, ọkọ̀ mì jìgìjìgì. Sẹ̀wánù kígbe. Oyèlékè já fóònù gbà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó jù ú síwájú réré. Omi dún pòǹ.

"Ó tó!" ó wí. Ó ń mí gúlegúle. Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ dúró ní ìdí ọkọ̀, ó fi ẹ̀yìn ti àwọn àpò tó wà níbẹ̀. "Ó tó, obìnrin yìí! Sẹ̀wánù, wa ọkọ̀!"

Sẹ̀wánù kò wa ọkọ̀. Ohùn kan ń sọ̀rọ̀.

Ohùn obìnrin ni, ó ń jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti inú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, níbi tí áàpù ṣì ti wà ní ṣíṣí.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ohun tó wà níwájú yín yìí, ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n rọ ọ́ fún. A ò mọ orúkọ ọmọ náà…"

Oyèlékè fi ọwọ́ gbá àyà ara rẹ̀. Ó ń wá ibi tí yóò ti pa á. Ohùn náà ń lọ. Mọ̀dínátù dúró níwájú rẹ̀, ètè rẹ̀ kò mì, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ ló gba gbogbo ọkọ̀ náà kan.

"Àpò tó fẹ̀yìn tì yẹn," ó wí fún Sùlàímọ́nù. "Ẹ tú u."

Oyèlékè fò sínú ọ̀sà. Kò rìn jìnnà. Rótìmí ti wà nínú omi kí ó tó yọ orí, ó fà á ní kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, ó wọ́ ọ wá sí ilẹ̀ gbígbẹ. Nínú àpò náà, lábẹ́ àgbọn, aṣọ dúdú kan wé mọ́ irin mẹ́ta. Mọ̀dínátù gbé èyí tó kéré jù. Ó wúwo bó ṣe yẹ kó wúwo. Ó yí ìdí ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ kan ìda tó dí ihò náà.

"Náwè, ìyá mi," Sẹ̀wánù wí lóhùn kẹ́lẹ́, "irú ẹrù wo nìyí tí wọ́n fẹ́ kí n gbé?"

Mọ̀dínátù gbé e fún un. Ọkùnrin náà dì í mú díẹ̀, ó sì yára dá a padà.

*

Nínú àgọ́, Oyèlékè kò pẹ́ kó tó jẹ́wọ́. Omi ọ̀sà ṣì ń kán lára rẹ̀.

"Ta ló fẹ́ rà á?" Sùlàímọ́nù bi í.

"Mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Òkè òkun ló wà. Fóònù la fi ń sọ̀rọ̀."

"Ìwọ lo wá a kàn, àbí òun ló wá ẹ kàn?"

"Òun ni. Ó rí irin náà lórí áàpù. Ó ní òun ò fẹ́ àwòrán."

"Ta ló rọ ayédèrú?"

"Alágbẹ̀dẹ kan. Mo sọ fún un pé fíìmù la fẹ́ fi ṣe. Kò mọ nǹkan kan."

"Báwo lo ṣe gbé tòótọ́ jáde? Bàbá Akíndé yẹ àpò ẹ wò."

"Wọn ò yẹ ẹ̀rọ wò. Inú ẹ̀rọ ló wà."

Sùlàímọ́nù kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbé orí sókè. "Òwú yẹn ńkọ́? O ò rí i pé wọ́n ti rọ òwú mọ́ irin?"

Oyèlékè pa ojú dé. "Mo rí i. Mo fi òwú gidi bò ó. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa ń tú nǹkan yẹn."

*

Ní aago mẹ́rin Ẹtì, Mọ̀dínátù jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá, níwájú tábìlì Sùlàímọ́nù. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta. Ìnsípẹ́kítọ̀ ti na bírò sí i.

"Ẹ kàn fọwọ́ sí i, Ìyá. Ẹ máa lọ sinmi."

Ó gba bírò náà, ó gbé e sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé. Ó kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sùlàímọ́nù tẹ́nu mọ́ tíì rẹ̀, tíì náà tán. Ní ojú ìwé kejì, Mọ̀dínátù fi ìka síbi kan.

"Kí lẹ kọ síbí?"

Sùlàímọ́nù tẹ̀ wò ó. "'Mọ̀dínátù, ẹni tí a fura sí tẹ́lẹ̀.' Ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Ẹ pa á rẹ́."

"Ìyá, kò túmọ̀ sí nǹkan kan mọ́."

"Ẹ pa á rẹ́, sà. Kí ẹ kọ 'olùtọ́jú'."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó fa ìlà sí i, ó kọ ọ̀rọ̀ tuntun sókè rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ síbi tí ẹ ti tún un ṣe."

Ó fọwọ́ sí i. Nígbà náà ni Mọ̀dínátù fọwọ́ sí tirẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbangba.

Bàbá Akíndé ń dúró níta, nínú oòrùn, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Agbádá rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó dà bí ẹni tó ti dúró pẹ́.

"Mọ̀dínátù, mo ṣì ọ́ ṣe. Jọ̀wọ́."

"Mo gbọ́ yín, Bàbá."

"Wọlé, jẹ́ kí n gbé ẹ délé."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún àwọn ìdílé pé ẹ̀ ń wádìí mi. Lọ́la, nígbà tí wọ́n bá pé tán, kí wọ́n tó fọ irin kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ sọ yìí fún wọn. Gbogbo ẹ̀. Lóhùn òkè."

Bàbá Akíndé gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì mi orí. "Màá sọ ọ́."

Mọ̀dínátù kí i pé ó dàárọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kọjá, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Obìnrin ẹlẹ́ja pè é láti òdìkejì títì, ó dá a lóhùn. Nígbà tó délé, ó gbé ìkòkò kaná, ó sì jẹun yó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ìṣẹ́gun.